Màríà Ojú Ewé Kọkànlélógún

Ọjọ́bọ̀, 9 Òkúdu 1994

Mo ti Ìbàdàn dé. Òjò pa mí láti Ìwó Road títí dé Lálúpọn nínú ọkọ̀ tí mo san owó wọ̀, nítorí pé fèrèsé ẹ̀gbẹ́ mi kò ní gíláàsì. Awakọ̀ ní kí n fi ọwọ́ dí i. Ọwọ́ mi ló wá di gíláàsì báyìí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti bọ́ sí i. Ọ̀gbẹ́ni Oyèkúnlé, olóòtú ní ilé ìtẹ̀wé, ti gbà kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé Máíkẹ́láńjẹ́lò, òyìnbó Ítálì tó ń gbẹ́ ère tó sì ń yàwòrán láyé àtijọ́, ní Yorùbá fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ojú ewé méjìlélọ́gbọ̀n, àwòrán méjìlá, kí gbogbo rẹ̀ sì dé ọwọ́ òun kí oṣù Ògún tó parí. Èmi ni n óò wá ayàwòrán fúnra mi. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò mú ẹlòmíràn, ẹni tí àwọn ọmọ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Mo ní mo fẹ́ràn ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́.

Nítorí ojú ewé kọkànlélógún ni. Ibẹ̀ ni Màríà yóò wà, tí yóò gbé ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí igi lé itan. Inú kàlẹ́ńdà Àgùdà kan ni mo ti kọ́kọ́ rí ère yẹn tí Máíkẹ́láńjẹ́lò gbẹ́, ní pálọ̀ tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ní oṣù kejì tí Láyí ọmọ mi kú. Mo jókòó síwájú rẹ̀ títí tíì tí wọ́n gbé fún mi fi tutù. Obìnrin náà gbé òkú ọmọ rẹ̀ lé itan, kò sì sí àgbà ilé kankan tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò rí ọmọ tèmi. Wọ́n ń sọ fún mi pé ó wà ní ọsibítù nígbà tí ilẹ̀ ti gbà á, n kò sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí títí di òní. Mo mọ̀ pé àṣà ni. Èmi fúnra mi ti kọ́ àwọn ọmọ ní àṣà láti ìgbà tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, kí ẹnikẹ́ni má wá kọ́ mi.

Tíṣà náà ti fún mi ní kàlẹ́ńdà ọ̀hún. Ère náà kò ju páálí ìṣáná lọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni mo ní.

Ìṣẹ́gun, 14 Òkúdu

Sanmí ni yóò ya àwòrán. Kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Lágelú tí agbára mi ká. Òun ló ya kìnnìún sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó máa ń kó kòkó lọ sí Ìbàdàn, òun náà ló ya àwọn áńgẹ́lì sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Séráfù wọn lọ́nà Ejíòkú. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Orí rẹ̀ ni n kò tíì mọ̀.

Mo ka orí kìíní fún un ní ọjọ́ Àìkú. Lónìí ó gbé àwòrán àkọ́kọ́ wá: ọmọkùnrin kan tó ní ìyẹ́ méjì, tó mú idà lọ́wọ́, tí kò wọ bàtà.

Mo ní, "Sanmí, ta nìyí?"

"Máíkẹ́lì Mímọ́ ni, mà. Balógun ọ̀run."

"Mo kà á fún ẹ pé ọmọ ènìyàn ni. Mo ní bàbá rẹ̀ máa ń nà án nítorí pé ó ń yàwòrán dípò kó kàwé."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, mà. Mo rò pé kó tó gòkè ni."

Kó tó gòkè! Mo ní kó nu ìyẹ́ náà kúrò. Ó ní òun kò lè fi ọwọ́ ara òun gé ìyẹ́ Máíkẹ́lì Mímọ́. Èmi ni mo fi rọ́bà nù ún, Sanmí sì kọjú sí ògiri títí mo fi parí.

Àìkú, 19 Òkúdu

Ó fi àbàjà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá Máíkẹ́láńjẹ́lò. Ó ní kí àwọn ọmọ lè mọ̀ pé ọmọ ilé rere ni. Rọ́bà mi ti ń tán lọ.

Àbámẹ́ta, 25 Òkúdu

Mo ti wá mọ ohun tó ń ṣe Sanmí. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ lè yà. Bí kò bá rí i, áńgẹ́lì ni yóò yà. Nígbà tí a dé ibi tí ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ẹ̀ṣẹ́ fọ́ imú Máíkẹ́láńjẹ́lò, ó ní a ní láti wá ẹni tí imú rẹ̀ ti fọ́. Mo tẹ̀lé e lọ sí gáréèjì. A rí kọ̀ndọ́kítọ̀ kan tí imú rẹ̀ wọ́ sí apá òsì, ọkùnrin náà sì rò pé mo fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Kí n tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òyìnbó ilẹ̀ Ítálì fún gbogbo gáréèjì, ọ̀fun mi ti gbẹ.

A tún jà lórí ilé ìjọsìn Póòpù, tí Máíkẹ́láńjẹ́lò ya àwòrán sí àjà rẹ̀. Sanmí fẹ́ kó fẹ̀yìn lélẹ̀ kun àjà náà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń sọ ọ́. Mo ní ó dúró ni, ó gbé orí sókè títí ọrùn rẹ̀ fi wọ́, tí ọ̀dà ń kán sí i lójú. Sanmí ní ìdùbúlẹ̀ ló dùn ún wò. Mo ní dídùn kọ́ la ń wá.

Káàdìbọ́ọ̀dù kan ti di náírà méjìlá.

Ọjọ́rú, 6 Agẹmọ

Àwọn òṣìṣẹ́ epo ti daṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí bẹntiróòlù, kò sí iná, ọkọ̀ mẹ́ta péré ló kọjá níwájú ilé mi láti àárọ̀. Karosíìnì ń sá fún wa bí ẹni tó jẹ gbèsè. Àgbàdo nìkan ló pọ̀, gbogbo ayé ń sè é. Mo jẹ ẹ́ ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́, ikùn mi sì ti ń bínú bí èmi náà.

Ìṣẹ́gun, 12 Agẹmọ

A nílò Póòpù, arúgbó tó le, tó máa ń fi ọ̀pá na ayàwòrán rẹ̀ bí iṣẹ́ bá pẹ́. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí Sanmí lọ bẹ Bàbá Dorothy, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi olóògbé. Láti ọjọ́ tí bàbá Láyí ti kú ni wọ́n ti ń darí ilé wa, alàgbà ìjọ Àpọ́sítélì ni wọ́n, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín kí ọdún Kérésì tó dé.

Wọ́n gbà kíá. Wọ́n wọ agbádá sányán wọn wá, wọ́n gbé ọ̀pá dání, wọ́n jókòó lórí àga mi bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

"Ìyàwó, ipò wo gan-an ni ti Póòpù yìí?"

"Olórí gbogbo ìjọ Àgùdà ni, bàbá."

"Ṣé ó ju alága ìjọ wa pátápátá lọ?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú lọ."

Inú wọn dùn. Wọ́n ní kí Sanmí má ṣe gbàgbé irun àgbọ̀n àwọn, kó sì mú ìwú ojú àwọn kúrò. Mo ní kó bọ́ agbádá lára Póòpù, kó fi aṣọ àlùfáà wọ̀ ọ́. Bàbá Dorothy ní kí ló ṣe agbádá. Ìjà náà gba gbogbo ọ̀sán.

Àbámẹ́ta, 16 Agẹmọ

Ìyà jẹ mí lónìí, n kò sì mọ ẹni tí n óò bínú sí.

A dé ojú ewé kọkànlélógún. Sanmí ní kí n wá ọkùnrin tí yóò dùbúlẹ̀ bí òkú fún òun. Mo ronú kan Mahfuz, ọmọ Mùjíbátù aránṣọ tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ń kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì, kò sì sí ọkọ̀ tí yóò tún ṣe láti ìgbà tí epo ti wọ́n. Ó ní búrẹ́dì àti sàdíìnì tó fún òun.

Ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì nínú pálọ̀ mi, ó di aṣọ funfun mọ́ ìbàdí. Sanmí ní kó pa ojú dé, kó la ẹnu díẹ̀, kó jẹ́ kí apá rẹ̀ kan wó sílẹ̀. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe ju bó ti yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Mùjíbátù wọlé wá bi mí bóyá mo ní èédú tí òun lè fi lọ aṣọ.

Igbe tó ké, n kò ní gbàgbé rẹ̀. "Lá iláà! Mahfuz! Mahfuz ò!" Ó fi ara lé e. Mahfuz dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màámi, àwòrán ni, àwòrán ni." Mùjíbátù gbá a létí, ó tún gbá a mọ́ra, ó bu omi inú kòróbà mi, ó dà á lé e lórí láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Ìyá Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ kí tèmi náà rí bíi tiyín ni?"

Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ jáde. Sanmí ń fi aṣọ nu omi kúrò lára káàdìbọ́ọ̀dù, ó ní a dúpẹ́ pé omi kò kan Póòpù.

Ajé, 18 Agẹmọ

Ọ̀rọ̀ ti dé etí Bàbá Dorothy. Wọ́n dé kí n tó fọ ẹnu.

"Ìyàwó, mo gbọ́ ohun tó ò ń ṣe."

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó." Wọ́n jókòó. "Wọn kì í gbé òkú ọmọ sójú òbí ẹ̀. Kì í ṣe torí kí wọ́n lè fìyà jẹ òbí. Torí kó má baà wọ inú ẹ̀ lọ, kó wá jókòó síbẹ̀ ni. Ìwọ wá fẹ́ ya irú ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa wò ó ní kíláàsì?"

"Òyìnbó ló gbẹ́ ẹ, bàbá. Ó ti ń lọ sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún. Gbogbo ayé ló ń lọ wò ó."

"Ṣé obìnrin yẹn ò lẹ́bí ni, tí wọ́n fi gbé e sílẹ̀ fún un?"

Mo ní, "Bàbá Dorothy, níbo lẹ sin ín sí?"

Wọ́n dìde. Wọ́n tún fìlà wọn dé kó dọ́gba. "Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú."

Bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn nìyẹn, láti ọdún méjì. Mo béèrè lọ́jọ́ àdúrà ogójì ọjọ́, mo béèrè ní Kérésì, mo béèrè lọ́jọ́ tí Dorothy ọmọ wọn ṣègbéyàwó, wọ́n sì ń fi Ọlọ́run dí mi lẹ́nu. Ó ṣe mí bíi kí n ju àga tẹ̀lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n ní bí n kò bá yọwọ́ nínú àwòrán yẹn, kí n yọ ojú àwọn kúrò lára Póòpù.

Ọjọ́bọ̀, 21 Agẹmọ

Sanmí ti lọ béèrè lọ́wọ́ wòlíì wọn. Wòlíì ríran, ó ní kò gbọdọ̀ ya alààyè bí òkú. Mo ní, ṣé wòlíì rí ọjọ́ tí olóòtú ń retí iṣẹ́ náà? Sanmí ní òun kò béèrè ìyẹn.

Mùjíbátù kò tíì kí mi. Ó gba iwájú ilé mi kọjá lẹ́ẹ̀mẹta lónìí, ó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni pé òjò ló ń bọ̀.

Ẹtì, 29 Agẹmọ

Mo jókòó lórí àpò ẹ̀gẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ìbàdàn, ìlọ́po mẹ́ta owó tí mò ń san tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì gbà. Mo fi àwọn àwòrán tó ti parí han Ọ̀gbẹ́ni Oyèkúnlé. Ó yìn wọ́n. Ó ní ojú Póòpù náà ba òun lẹ́rù gidi. Lẹ́yìn náà mo ròyìn wàhálà Màríà fún un, mo rò pé yóò gbè mí.

Ó ní, "Mà, kí ni ká máa fìyà jẹra wa sí? Ẹ yọ ọ́. Ẹ fi ère Dáfídì tí ọkùnrin yẹn gbẹ́ rọ́pò ẹ̀. Ẹ kàn bá wa wọ ṣòkòtò fún un."

"Ìhòòhò ni wọ́n gbẹ́ ẹ."

"Mo mọ̀, mà. Ṣòkòtò kékeré náà tó."

"Ṣé ó fẹ́ lọ sáré lọ́jọ́ eré ìdárayá ilé ìwé ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi kò rẹ́rìn-ín. Níkẹyìn ó gbà kí Dáfídì hàn láti àyà sókè níbòmíràn nínú ìwé. Ní ti Màríà, ó ní bí kò bá bá àwọn yòókù dé, àwọn yóò tẹ ìwé láìsí i. Ó ní òun kò rí ohun tí àwọn ọmọ yóò pàdánù.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dùn mí títí mo fi délé. Bí ó bá ní mo kọ ọ́ ní ìkọkúkọ ni, kì bá dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 2 Ògún

Mo gbìyànjú láti yà á fúnra mi. Màríà jọ ọpọ́n ìfọṣọ. Ọmọ rẹ̀ jọ aṣọ tí wọ́n fún. Mo fi dáná.

Ọjọ́bọ̀, 11 Ògún

Sanmí wá lẹ́yìn ọ̀sán. Ó wọ sùtánà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn dé ni. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò wọlé.

"Mà, wòlíì ní kí n má ya alààyè bí òkú."

"Mo ti gbọ́ ìyẹn."

"Mo ti ń rò ó. Wọn ò ní kí n má ya ẹni tó ti lọ."

"Kí lò ń sọ?"

Ó wo ilẹ̀. "Fọ́tò Láyí, mà. Kò sí ohun tí àwòrán lè ṣe fún un mọ́."

Mo lé e. Mo sọ fún un pé kó máa gbé orí burúkú rẹ̀ lọ, mo sọ ohun tí kò yẹ kí tíṣà sọ jáde lẹ́nu. Ó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé, kò lọ sílé. Mo dáná, mo pa á, mo tún un dá. Nígbà tó yá mo ṣí àpótí.

Fọ́tò kan wà níbẹ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yà ní Ajíbọ́dé, níbi tí wọ́n jọ gba yàrá. Láyí ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì níta, orí rẹ̀ yẹ̀, ẹnu rẹ̀ là. Inú bí i sí fọ́tò náà gan-an, ó ní kí n fà á ya. Mo gbé e jáde fún Sanmí. Mo ní bí ó bá sọ nù, kó má padà sí Lálúpọn.

Mo bi í pé ta ni yóò jókòó fún Màríà. Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè ibi tí oòrùn ti ń yọ.

"Màríà inú ère yẹn ò tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, Sanmí. Wọ́n bi ọkùnrin náà títí pé kí ló dé tó fi gbẹ́ ẹ kéré bẹ́ẹ̀. Èmi ti lé láàádọ́ta."

"Màá dín yín kù, mà."

Àbámẹ́ta, 13 Ògún

Mo jókòó fún un. Sanmí gbé ìdajì àpò àgbàdo lé mi nítan, nítorí pé ó ní bí ohun tó wúwo kò bá sí níbẹ̀ òun kò ní mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe. Ó lẹ fọ́tò mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Ó ní kí n má mira. Ó ní kí n má sọ̀rọ̀. Ó ní kí n má fojú ṣọ́ ọwọ́ òun bí ẹni tó ń máàkì ìwé.

Ìgbà náà ni Mùjíbátù yọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ìjà ti dé. Ó wo àpò, ó wo fọ́tò ara ògiri, ó wò mí. Ó padà lọ. Nígbà tí yóò fi tún dé, ó kó ọ̀pá aṣọ funfun kan lọ́wọ́, ó di abẹ́rẹ́ bọ́tìnnì mẹ́ta sí eyín. Ó fi aṣọ náà bò mí lórí, ó ṣẹ́ ẹ pọ̀ lẹ́yìn ọrùn, ó tẹ́ ìyókù lé orúnkún mi títí ó fi rọ̀ sílẹ̀ bíi ti inú kàlẹ́ńdà.

"Ẹ má mira, Ìyá Láyí."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti túfọ̀ ni àdúgbò ti ń pè mí ní Ìyá Tíṣà. N kò mọ̀ pé mo ṣì ń retí orúkọ yẹn. Mo sunkún, n kò ní parọ́ fún ìwé ara mi, Sanmí sì ń pariwo pé ojú Màríà ń yí padà, kí n dúró bí mo ṣe wà. Àpò náà wúwo. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì kú, àwọn méjèèjì ni wọ́n gbé mi dìde.

Àbámẹ́ta, 20 Ògún

Ó ti parí.

Mo gbé kàlẹ́ńdà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: èjìká, orúnkún, ibi tí apá wó sí. Ó bá a mu. Orí ọmọ ṣubú sẹ́yìn lórí apá ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ère. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù Òkúdu, n kò rí ohun tí n óò fi rọ́bà nù. Àfi pé Sanmí kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sí ọ̀já àyà Màríà. Mo ní kí ni ìyẹn. Ó ní èmi ni mo kà á fún òun pé ọkùnrin náà kọ tirẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé àwọn kan ń sọ pé ẹlòmíràn ló gbẹ́ ẹ. Kò parọ́. Mo fi í sílẹ̀.

Ojú Láyí ni. Mo rò pé bí mo bá rí i, nǹkan kan yóò tú nínú mi. Kò tú. Mo ń wò ó bí ẹni tó ń wo fọ́tò àlejò. Inú bí mi sí àwòrán náà, mo da aṣọ bò ó.

Ọjọ́rú, 24 Ògún

Bàbá Dorothy wá wo Póòpù wọn. Wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí Ìbàdàn, wọ́n fẹ́ rí i dájú pé ojú àwọn ṣì wà níbẹ̀. Sanmí, tí kò mọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn ṣe jẹ́jẹ́, ń to gbogbo àwòrán sórí tábìlì fún wọn. Kí n tó sáré ti ìdáná dé, ó ti ṣí aṣọ lórí Màríà.

Wọ́n dúró. Mo ti to èsì jọ sẹ́nu. Mo fẹ́ bá wọn jà dé ilẹ̀ lónìí, kí ẹbí gbọ́, kí ìjọ gbọ́.

Wọ́n ní, "Orí ẹ̀ ò ṣubú sẹ́yìn báyẹn."

Mo ní, "Kí lẹ wí?"

Wọn kò wo ojú mi. "Wọ́n ní ká tẹ́ ẹ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, lórí irin. Mo ní rárá. Ọ̀nà ò dáa, á máa forí gbá irin. Mo jókòó sẹ́yìn, mo gbé e lé itan. Láti ọsibítù títí a fi dé'bẹ̀. Mo kọ orí ẹ̀ sí àyà mi, mo fọwọ́ dì í mú. Àkànbí awakọ̀ ní kí n jẹ́ kí ẹlòmíì gbà á fún mi. Mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni."

Sanmí ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, bó ṣe wà nínú kàlẹ́ńdà lẹ rí yẹn. Bí òyìnbó ṣe gbẹ́ ẹ nìyẹn."

"Òyìnbó yẹn ò sí níbẹ̀."

Sanmí wò mí. Mo ní kó yí orí náà padà.

Ó ní òun kò lè yà á láìrí i. Bàbá Dorothy bọ́ fìlà, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní kí a gbé àpò àgbàdo náà fún àwọn. Wọn kò gbà kí n ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fa ẹnu àpò náà mọ́ àyà, wọ́n fi ọwọ́ oko wọn ńlá bo ibi tí orí ìbá wà, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí Sanmí fi gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Èmi ni mo di rọ́bà mú.

Lẹ́yìn náà ni ìbínú mi tó dé. Mo ní, "Ọdún méjì, Bàbá Dorothy! Ọdún méjì gbáko lẹ fi ń wò mí níran. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Wọ́n ṣì gbé àpò náà dání. "Ibi tó wà lò ń béèrè lọ́wọ́ mi. O ò béèrè bí a ṣe gbé e débẹ̀ rí."

Ìṣẹ́gun, 30 Ògún

Mo kó àwòrán méjìlá dé ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Oyèkúnlé. Òjò kò kàn wọ́n, èmi nìkan ló pa. Ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan Màríà. Ó ti rí ìwé ńlá kan yá láti yunifásítì, fọ́tò ère náà gún régé nínú rẹ̀, ó wá ń wo ìhín wo ọ̀hún.

"Mà, orí yìí ò rí báyìí nínú ère o. Sẹ́yìn ló ṣubú sí. Ọwọ́ Màríà yìí náà, ọwọ́ ọkùnrin ni. Ọwọ́ àgbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n má wọ ṣòkòtò fún Dáfídì? Àwọn tó bá mọ̀ ọ́n á ní a ṣì í yà. Ẹ jẹ́ ká fún ayàwòrán yín ní ọ̀sẹ̀ kan sí i."

"Rárá. Bí wọ́n ṣe gbé e nìyẹn."

Ó wò mí títí. Ó mú àwòrán náà, ó fi í sí àárín ojú ewé ogún àti méjìlélógún, ó sì ní kí n jókòó kí aṣọ mi gbẹ díẹ̀.